Pọ́ǹpù epo oníná nínú ọkọ̀ àtijọ́: Ta ló máa sọ fún un pé ẹ́ńjìnì ti kú?

Bàbá kan lára ẹ̀yin olùgbọ́ wa fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ilé iṣẹ́ wa ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ní Ìjàpá kan, ìyẹn Volkswagen Beetle, tí àwọn ti ń wà láti bí ogójì ọdún, àwọn ò sì ní í tà á. Wàhálà ọkọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ. Tó bá ti sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, wọ́n á máa kíkì í títí bátìrì á fi rẹ̀. Mẹkáníìkì wọn wá yọ pọ́ǹpù epo tó wà lára ẹ́ńjìnì dànù, ó fi èyí tó ń lo iná bátìrì rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kíkì kan péré ni ọkọ̀ fi ń dáhùn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà kan náà ni epo ti ń rùn sí wọn bí wọ́n bá ti wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìbéèrè wọn rèé: "Ṣé kí n ṣì máa gbé àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú ẹ̀?"

A dá wọn lóhùn lórí afẹ́fẹ́ pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà jókòó ná. Ìṣẹ́jú méjì la fi sọ ọ́, ìṣẹ́jú méjì ò sì tó fún ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ síbí, torí kì í ṣe bàbá yìí nìkan ló wà nídìí ẹ̀. Ìjàpá ṣì pọ̀ nílẹ̀ yìí. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ ní Èkó, ọdún yẹn náà sì ni Pijó bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó jáde níbẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìbòjú nínú àgbàlá àwọn bàbá wa, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti ń rà wọ́n báyìí, wọ́n ń kùn wọ́n, wọ́n ń fi wọ́n ṣe ọkọ̀ ìyàwó.

Báwo ni pọ́ǹpù àtijọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́?

Nínú Ìjàpá, iwájú ni táǹkì epo wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì wà. Epo ní láti gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà láàárín ilẹ̀ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn kó tó dé kábúrétọ̀. Ohun tó ń fà á ni pọ́ǹpù kékeré kan tó jókòó sára ẹ́ńjìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísítíbútọ̀. Ọ̀pá irin kan láti inú ẹ́ńjìnì ló ń tì í sókè sódò. Kò sí wáyà lára ẹ̀, kò sí fíùsì. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí, á máa fa epo. Bí ẹ́ńjìnì bá dúró, òun náà á dúró lójú ẹsẹ̀. Pijó 504 oníkábúrétọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ló rí, àfi pé ẹ́ńjìnì tiẹ̀ wà níwájú.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Pọ́ǹpù oníná kò mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnì ń yí tàbí kò yí. Ohun tó mọ̀ ò ju pé iná bátìrì dé ọ̀dọ̀ òun.

Ẹ wá rò ó pé ọkọ̀ lọ kọ lu ọkọ̀ mìíràn. Ẹ́ńjìnì kú. Họ́ọ̀sì epo já. Awakọ̀ dákú, tàbí kó máa wá bó ṣe máa fa ọmọ yọ lẹ́yìn, kò rántí kọ́kọ́rọ́. Pọ́ǹpù àtijọ́ ti dúró ní tiẹ̀. Pọ́ǹpù oníná á ṣì máa da epo sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná, púpọ̀ nínú wọn sì lè ti ju lítà kan lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kò tilẹ̀ dìgbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Kí họ́ọ̀sì kan yọ lójú ọ̀nà, kí ẹ́ńjìnì kú torí epo ò dé ibẹ̀ mọ́, kí ẹni tó ń wà á máa kíkì í léraléra láì mọ̀ pé adágún epo ti wà lábẹ́ òun: iná tó ń ta nínú sítátà ti tó.

Epo bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń jó, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ náà sì máa ń tú jáde tó èyí tó lè gbiná kódà nínú òtútù tó tó 40°C nísàlẹ̀ òdo, ká má tíì wá sọ oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, kì í gbéra lọ sókè, ilẹ̀ ló máa ń rá pálá gbà. Èyí tó wá burú fún Ìjàpá ni pé àdàlù irin magnesium ni wọ́n fi ṣe ìdí ẹ́ńjìnì rẹ̀. Bí iná bá ràn mọ́ irin yẹn, òun fúnra rẹ̀ á máa jó, tí ẹ bá sì da omi sí i, ẹ tún bá a wá igi sí i ni. Ẹni tó bá ti rí Ìjàpá tó jó rí, á rántí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe máa ń mọ́lẹ̀ funfun báláú.

Èdè wa ò tilẹ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀: iná ni èyí tó wà nínú wáyà, iná náà ni èyí tó ń jó ilé.

Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù oníná kì í ṣe ti òní

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé pọ́ǹpù oníná burú. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń fi pọ́ǹpù oníná ti SU sínú Morris Minor, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni MGB. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jókòó sínú ọ̀kan rí, ẹ máa rántí tí-tí-tí tó máa ń dún bí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́. Ìgbà tí kábúrétọ̀ bá kún, ó máa ń dákẹ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé họ́ọ̀sì ló já, kò ní í dákẹ́, torí kò sóhun tó dá epo dúró.

Ìgbà tí Volkswagen fúnra rẹ̀ wá yọ kábúrétọ̀ kúrò nínú Ìjàpá tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1975, tí wọ́n fi pọ́ǹpù oníná sí i, wọn ò kàn fa wáyà sí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi súwíìṣì kan sínú ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà símú. Bí ẹ́ńjìnì kò bá fa afẹ́fẹ́, pọ́ǹpù ò ní í ríná gbà. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ti ro ọ̀rọ̀ yìí láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

"Dáírẹ́ẹ̀tì"

Mo lọ sí mẹkáníìkì fílẹ́ẹ̀jì kan láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Ọkọ̀ àtijọ́ mẹ́ta tó ní pọ́ǹpù oníná ni mo bá níbẹ̀. Nínú méjì, wáyà kan ló ti orí bátìrì lọ sí súwíìṣì kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, láti ibẹ̀ ló lọ tààrà sí pọ́ǹpù. Kò sí fíùsì, kò sí relay. Ohun tí wọ́n ń pè ní dáírẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

"Ọ̀gá oníròyìn, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?" lèyí tó dàgbà jù nínú wọn bi mí.

Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Kò kàn mọ ìgbà tó yẹ kó dúró ni. Ríwáyà kan tó wà nítòsí wá gbè mí, ó ní wáyà tí kò ní fíùsì dà bí ẹṣin tí kò níjàánu. Bí ara rẹ̀ bá bó níbi tó ti ń ha irin ọkọ̀, kò sóhun tó máa dá iná inú bátìrì dúró. Wáyà á pọ́n bí ẹ̀yinná, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀sì epo ni wọ́n so ó mọ́.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni relay tó ń tẹ́tí sí kọ́ìlì. Kọ́ìlì ló ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń yí, iná á máa já, á máa so nínú wáyà rẹ̀ bí ọkàn ṣe ń lù. Relay yìí ń gbọ́ lílù yẹn. Bí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́, á fún pọ́ǹpù níná fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì kí kábúrétọ̀ lè kún. Tí kò bá gbọ́ kí ẹ́ńjìnì yí, á gé iná. Tí ẹ́ńjìnì bá kú lójú ọ̀nà, kí ẹ tó sọ pé "kí ló dé?" ó ti gé e.

Àwọn mìíràn ń lo súwíìṣì tó ń wo présọ̀ ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí, présọ̀ ọ́ìlì á wà, pọ́ǹpù á ríná. Bó bá kú, présọ̀ á lọ sílẹ̀, iná á já. Ó dáa, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: súwíìṣì tó ń tan iná pupa ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kọ́ nìyí, òdìkejì rẹ̀ ni. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ojú kan tó máa gba iná láti ọ̀dọ̀ sítátà, torí nígbà tí ẹ bá ń kíkì, présọ̀ ọ́ìlì kò tíì wà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ríwáyà ti máa ń ṣì í nìyí; ọkọ̀ ò ní í dáhùn, wọ́n á bínú, wọ́n á padà sí dáírẹ́ẹ̀tì.

Ẹ fi súwíìṣì ìkọlù kún un, ìyẹn èyí tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá fi orí sọ nǹkan. Ọ̀pọ̀ Ford àti Pijó ayé òde òní ló ní in, bọ́tìnnì kan sì wà lórí rẹ̀ tí ẹ máa tẹ̀ kó tó lè padà sípò. Tí ẹ bá wá a dáadáa láàárín ẹrù tòkunbọ̀ ní Ládìpọ̀, ẹ ó rí i. Ẹ dè é mọ́ irin tó le, kó dúró ṣánṣán, kì í ṣe kí wọ́n fi okùn so ó rọ̀.

Fíùsì wá gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, kì í ṣe nítòsí pọ́ǹpù, torí wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíùsì kò ní alábòójútó. Pọ́ǹpù kékeré ti kábúrétọ̀ kì í sábà gba ju amp méjì tàbí mẹ́ta lọ, nítorí náà fíùsì 5 amp tó fún púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wo ìwé tó bá a wá. Ẹni tó bá fi 30 amp sí i kó má baà máa jó, kò fi fíùsì kankan sí i nìyẹn. Ibikíbi tí wáyà bá ti gba ihò irin kọjá, ẹ fi rọ́bà sí ojú ihò náà.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dárúkọ bátìrì: abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà. Bí ìbòrí rẹ̀ bá ti sọnù, tí ẹni tó sanra sì jókòó lé e, súpìríǹgì ìjókòó lè kan orí bátìrì, kí fóòmù bẹ̀rẹ̀ sí í jó lábẹ́ ìdí èrò. Ẹ wá nǹkan bò ó kẹ́ ẹ tó ronú nípa pọ́ǹpù rárá.

Agbára tó pọ̀ jù

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ bàbá olùgbọ́ wa ti jáde. Kábúrétọ̀ kò fẹ́ ariwo. Présọ̀ tó ń fẹ́ kò ju bíi 2 sí 4 psi lọ, ti Ìjàpá sì wà ní bíi 3. Abẹ́rẹ́ kékeré kan nínú rẹ̀ ló ń ti ẹnu ọ̀nà epo bó bá kún. Pọ́ǹpù ọkọ̀ onínjẹ́ṣọ̀n ayé òde òní, irú èyí tí wọ́n ń yọ lára Camry tòkunbọ̀, ń ti epo ní 40 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ yẹn kò lè dá a dúró. Epo á kún kábúrétọ̀, á ṣàn jáde, á máa kán sórí ẹ́ńjìnì. Tí ẹ bá wà lórí eré, afẹ́fẹ́ á máa gbá òórùn rẹ̀ lọ. Ìgbà tí ẹ bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ ó tó gbóòórùn rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ bèèrè èyí tó wà fún kábúrétọ̀, kẹ́ ẹ sì rí iye psi tó wà lára rẹ̀ tàbí lára páálí rẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ní "gbogbo ẹ̀, ọ̀kan náà ni," ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Họ́ọ̀sì

Bí mo bá lágbára, họ́ọ̀sì ni mi ò bá fi gbogbo àyè yìí sọ. Gbogbo súwíìṣì tí mo kà sílẹ̀ yẹn kò lè gba ọkọ̀ tí họ́ọ̀sì rẹ̀ ti gbẹ, tó ti là. Nínú Ìjàpá, kódà bí pọ́ǹpù bá ti dúró, epo inú táǹkì ṣì lè máa ṣàn wá sẹ́yìn fúnra rẹ̀ bí họ́ọ̀sì ẹ̀yìn bá yọ. Mẹkáníìkì tó bá ti tú u rí mọ̀ pé ó ní láti fún ọ̀nà epo pa kó tó yọ ọ́.

Họ́ọ̀sì tí wọ́n fi òwú hun ní ìta, tó bá Ìjàpá wá láti ilé iṣẹ́, ó máa ń fi ọjọ́ orí rẹ̀ pamọ́: òwú á ṣì dáa lójú, rọ́bà inú á ti fọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kọ, tó bá dún tàbí tó là, ó ti tán. Ẹ wo ara tuntun tí ẹ bá rà fún àkọlé SAE J30 R9. Òun ló máa ń fara da epo tí wọ́n bu ọtí sí. Ẹ̀yin tó ń tẹ́tí sí wa láti London, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni epo tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ yín ti di E10, tí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Nílé níbí náà, a ò tíì gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kó epo tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ ju ìlànà lọ kúrò lọ́jà. Ọ̀tá rọ́bà àtijọ́ ni àwọn méjèèjì.

Kílíìpù tó dáa ṣe pàtàkì, kì í ṣe wáyà tí wọ́n fi púláyà lọ́. Ẹ tún yẹ ojú ìdẹ kékeré tí epo ń gbà wọ kábúrétọ̀ Ìjàpá wò: wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ bọ inú ihò ni, bó bá pẹ́ ó máa ń rọ̀, ó sì lè fò yọ pẹ̀lú họ́ọ̀sì àti kílíìpù lórí rẹ̀. Bí ó bá mì lọ́wọ́ yín, ẹ má wà á. Fílítà oníke kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá ẹ́ńjìnì, ní pàtàkì lókè dísítíbútọ̀, ibi tí mo ti rí i nínú gbogbo ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo wò.

Ibi tí wọ́n máa gbé pọ́ǹpù sí

Pọ́ǹpù oníná mọ epo tì ju bó ṣe mọ̀ ọ́n fà lọ. Ìtòsí táǹkì ló yẹ kó wà, kó sì rẹlẹ̀ jù ú, pẹ̀lú fílítà ṣáájú rẹ̀ kí ìdọ̀tí má baà pa á. Kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ sàlẹ́ńsà, kò gbọ́dọ̀ wà nínú ilé ọkọ̀ tàbí níbi tí bọ́ńpà máa kọ́kọ́ kàn bí ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan. Nínú Ìjàpá, iwájú nìyẹn, nísàlẹ̀ táǹkì, lẹ́yìn irin tó gbé ẹsẹ̀ iwájú dúró.

Pọ́ǹpù àtijọ́ wá ńkọ́? Ẹ yọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀pá tó ń tì í, kẹ́ ẹ sì fi awo irin àti gásíkẹ́ẹ̀tì bo ojú ihò rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi í sílẹ̀ kí epo oníná máa gba inú rẹ̀ kọjá. Bí rọ́bà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ bá ya, pọ́ǹpù oníná á máa ti epo bẹntiróòlù sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí epo, ẹ má tan ọkọ̀ náà.

Ìdánwò tí ẹ lè ṣe lónìí

Ẹ ò nílò mẹkáníìkì fún èyí. Ẹ gbé ọkọ̀ síta gbangba, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì kíkì, kẹ́ ẹ tẹ́tí. Tí pọ́ǹpù bá dún fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó sì dákẹ́, ó dáa. Lẹ́yìn náà ẹ tan ọkọ̀, ẹ fi jíà kan, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kú sílẹ̀ láì yí kọ́kọ́rọ́ padà. Ó yẹ kí pọ́ǹpù dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bó bá ń dún nìṣó, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹ́ńjìnì ti kú.

Ẹ̀rọ apaná oníyẹ̀fun gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ awakọ̀ lè dé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń bèèrè rẹ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú èyí tí à ń gbé kiri ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ wo ojú aago kékeré orí rẹ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí àwọ̀ ewé. Bí iná bá sọ, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n jìnnà. Ẹ má ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì gbàgà, afẹ́fẹ́ lẹ ń fún iná yẹn; ẹ fọ́n yẹ̀fun gba ojú ihò tàbí àlàfo kékeré. Bí kò bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ pe 112.

Ní ti bàbá wa, wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Pọ́ǹpù injẹ́ṣọ̀n ni wọ́n bá lábẹ́ rẹ̀, dáírẹ́ẹ̀tì sì ni. Epo ti fọ ìdọ̀tí ara ẹ́ńjìnì kúrò lábẹ́ kábúrétọ̀, ibẹ̀ ń dán. Mo rò pé wọ́n máa ní kí wọ́n fi èyí tó tọ́ sí i, pẹ̀lú relay àti gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ra rọ́bà tuntun sínú pọ́ǹpù àtijọ́, wọ́n dá a padà sáyè rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì. Kí n sòótọ́, ohun tí èmi náà ì bá ṣe nìyẹn. Nínú ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo ka kíkì kí ẹ́ńjìnì tó dáhùn, àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.